PhD nínú ìmọ̀ ọ̀gbìn àti igbó: bí ẹni tó wà ní Ìbàdàn ṣe lè fi kóòdù wọlé

Nínú ọ̀pọ̀ ìpolówó ipò PhD lórí ọ̀gbìn àti igbó lóde òní, ìlà kan wà tó máa ń mú kí àwọn ọmọ wa na pápá bora: ẹ gbọ́dọ̀ lè kọ kóòdù ní R tàbí Python, èdè méjì tí a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Ẹni tó ti wọn igi títí ní igbó ọba Gáńbàrí, tàbí tó mọ àrùn ẹ̀gẹ́ bí ẹni mowó, á rí ìlà yẹn, á sì gbà pé àwọn tó kàwé kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń bá wí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó kàwé kọ̀ǹpútà kò wọ́n wọn. Ẹni tó wọ́n wọn ni ẹni tó mọ̀ pé igi tíìkì máa ń wọ́wé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tó sì lè kọ kóòdù tí kò ní ka ìwọ́wé yẹn sí pé wọ́n ti gé igbó.

Ohun tí àwọn tó ń yan ènìyàn fẹ́ rí ni iṣẹ́ kan tó parí, láti orí dátà tútù (bó ṣe ti oko dé) títí dé àwòrán ìkẹyìn, tí ẹlòmíràn lè ṣí lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ kó sì rí èsì kan náà. Sátífíkéètì mẹ́wàá tí ẹ gbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò tó irú iṣẹ́ kan bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, apá ibi tí a ti ń ṣe iṣẹ́ yẹn ni a máa pẹ́ sí jù nínú àlàyé yìí.

Ilẹ̀kùn mẹ́ta, wọn kò jọra

Èkíní ni ipò oníṣẹ́. Ní Netherlands, Sweden, Denmark àti Norway, òṣìṣẹ́ yunifásítì ni akẹ́kọ̀ọ́ PhD sábà máa ń jẹ́. Ó ní kọ́ńtíráàtì, ó ń gbowó oṣù, ó ń san owó orí. Ó wọ́pọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Jámánì náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n ti gba owó ìwádìí, kókó iṣẹ́ ti wà nílẹ̀, ẹni tó máa ṣe é ló kù. Ní Netherlands, ọdún 4 ló sábà máa ń jẹ́, ní Denmark ọdún 3. Tí ẹ bá rí “TV-L E13, 65%” nínú ìpolówó Jámánì, E13 ni ìpele owó oṣù, 65% sì ni ìdá tí wọ́n máa san fún yín nínú owó ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kíkún. (Ìwádìí fúnra rẹ̀ kì í mọ ohun tó ń jẹ́ 65%.) Ibí yìí ni wọ́n ti ń béèrè kóòdù jù, torí dátà sábà máa ń wà nílẹ̀ tí kò rí ẹni tú u.

Ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ scholarship nìkan wá irú ipò yìí, ẹ ò ní rí i. Ìkéde iṣẹ́ ni. Ní Sweden, “doktorand” ni wọ́n ń kọ síbẹ̀; ní Jámánì, “wissenschaftliche Mitarbeiterin” tàbí “Mitarbeiter”. Ẹ lọ sí ojú ewé iṣẹ́ ti yunifásítì fúnra rẹ̀: SLU ní Sweden, Wageningen ní Netherlands, Hohenheim, Göttingen àti Freiburg ní Jámánì, BOKU ní Vienna, University of Eastern Finland ní Joensuu. Tharandt, tó wà lábẹ́ TU Dresden báyìí, ti ń kọ́ni ní ìmọ̀ igbó láti 1811. EURAXESS, tó jẹ́ ti European Commission, máa ń kó ọ̀pọ̀ ìkéde jọ sójú kan. Ibẹ̀ náà ni ẹ ó ti rí àwọn Doctoral Network ti Marie Skłodowska-Curie, ètò PhD tí European Union ń san owó rẹ̀. Òfin kan wà níbẹ̀ tó máa ń ṣe ọmọ Nàìjíríà láǹfààní: ẹni tó bá ti gbé, tàbí tó ti ṣiṣẹ́, ní orílẹ̀-èdè tó fẹ́ gbà á fún ohun tó ju oṣù 12 lọ láàárín oṣù 36 tó ṣáájú ìgbàsíṣẹ́ kò lè gba ipò náà. Ẹni tó wà ní Ìbàdàn bọ́ nínú ìyẹn. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí Másítà ọlọ́dún méjì ní Jámánì kò ní bọ́ nínú rẹ̀ bó bá fẹ́ ipò ní Jámánì, ṣùgbọ́n ó lè gbìyànjú Sweden.

Èkejì ni owó ìrànwọ́ tí ẹ fúnra yín máa mú kókó ìwádìí wá fún, bíi ti DAAD ní Jámánì àti Commonwealth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Níbí, ẹ máa nílò ọ̀jọ̀gbọ́n tó ti kọ̀wé pé òun máa gbà yín kí ẹ tó fi ìwé ránṣẹ́. Ẹ ka òfin ọjọ́ orí ìwé ẹ̀rí dáadáa: DAAD kì í sábà fẹ́ ẹni tí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ tó gbẹ̀yìn ti ju ọdún 6 lọ. Amẹ́ríkà wà láàárín méjèèjì. Ẹ máa wọlé bí akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀jọ̀gbọ́n á fi yín ṣe olùrànlọ́wọ́ ìwádìí tàbí olùkọ́, yunifásítì á yọ owó ilé-ìwé kúrò, á sì máa san owó oúnjẹ. Fún ẹni tó fẹ́ wọlé ní oṣù kẹjọ, oṣù kejìlá àti oṣù kìíní ni ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn ibẹ̀ máa ń tì, nítorí náà oṣù kẹsàn-án ló yẹ kí ẹ ti máa kọ̀wé sí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ẹ̀kẹta wà nílé, a sì rò pé àwọn ènìyàn ń fojú kéré rẹ̀ jù. Ìlú tí àwọn ilé iṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn àti igbó pọ̀ sí bí Ìbàdàn, tí IITA wà ní Mọ́níyà, tí FRIN wà ní Jẹ́ríkò, tí CRIN wà ní Ìdí-Ayùnrẹ́, tí NIHORT wà ní Ìdí-Iṣin, tí IAR&T àti NACGRAB wà ní Moor Plantation, tí UI sì wà láàárín gbogbo wọn, kì í ṣe ìlú tí ènìyàn ń sọ pé òun kò rí dátà. Bó ṣe ń lọ ni pé ẹ máa forúkọ sílẹ̀ ní yunifásítì, ẹ ó sì ṣe ìwádìí ní ilé iṣẹ́ ìwádìí, pẹ̀lú olùdarí kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Èsì Másítà UI máa ń sọ ibi tí ẹ dúró sí, bóyá PhD tààrà, MPhil/PhD tàbí MPhil, nítorí náà ẹ wò ó kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá olùdarí. Lẹ́bàá wa, WASCAL ní ètò PhD lórí ojú ọjọ́ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ní FUTA, Àkúrẹ́, WACCI sì wà ní Legon, Gánà, fún ẹni tó fẹ́ ṣe ìbísí irúgbìn.

Kí ni kóòdù tí wọ́n ń sọ?

Ẹ ya ohun tó pọn dandan sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí wọ́n ní yóò jẹ́ àfikún iyì. Ohun tó pọn dandan sábà máa ń jẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹni tó bá ní gbogbo wọn, kó kọ̀wé, kódà bí kò bá ní ẹyọ kan nínú àfikún. Ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń dúró dìgbà tí a bá pé pérépéré, ẹlòmíràn á sì ti gba ipò náà.

Bí ìpolówó bá dá lórí ìbísí ẹ̀gẹ́, iṣu tàbí àgbàdo, R ni. Wọ́n fẹ́ kí ẹ mọ mixed model (ìṣirò tó ń ya ipa irúgbìn sọ́tọ̀ kúrò lára ipa oko), kí ẹ mọ BLUP (iye tí ìṣirò yẹn fún irúgbìn kọ̀ọ̀kan), kí ẹ lè lo lme4 àti rrBLUP, tí wọ́n jẹ́ páákéèjì R. Bó bá jẹ́ ìdàgbà igi àti ìwọ̀n igbó, R náà ni, pẹ̀lú nlme, àti lidR bí wọ́n bá mẹ́nu ba LiDAR, ìyẹn fífi ìmọ́lẹ̀ lésà wọn igbó. Àwòrán sátẹ́láìtì lè jẹ́ R pẹ̀lú terra àti sf, tàbí Python. Earth Engine, ibi tí Google ti ń ṣe ìṣirò àwòrán sátẹ́láìtì, sì gba JavaScript àti Python. Bí ẹ bá rí deep learning (kíkọ́ kọ̀ǹpútà láti dá nǹkan mọ̀), fọ́tò ewé tàbí díróònù, Python ni, ẹ má wulẹ̀ jiyàn. Fún DSSAT àti APSIM, ètò ìṣirò ìdàgbà ohun ọ̀gbìn ni wọ́n, kóòdù ni ẹ máa fi pè wọ́n ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ibi.

Ẹ mú ọ̀kan nínú R àti Python. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ méjèèjì pọ̀ kì í sábà parí ọ̀kankan. Ẹni tó ń fi wákàtí méjì síbẹ̀ lóòjọ́ láìyẹsẹ̀ lè ní iṣẹ́ kan tó ṣeé fi hàn láàárín oṣù mẹ́fà, bó bá jẹ́ dátà tó yé e ló ń lò. Dátà òdòdó iris tí wọ́n ń lò nínú gbogbo ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì kò kan ẹnikẹ́ni. Gbogbo ayé ló ti lò ó.

Ohun èlò

Láptọ́ọ̀pù tókúnbọ̀ tó ní RAM 8GB àti SSD tó láti bẹ̀rẹ̀. 16GB dára jù bí ẹ bá máa ṣí fáìlì LiDAR. R, RStudio (ojú iṣẹ́ tí a ti ń kọ R), Python, QGIS (fún àwòrán ilẹ̀) àti Git (tó ń tọ́jú gbogbo ìyípadà inú kóòdù), ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn. Àwòrán kan ṣoṣo láti sátẹ́láìtì Sentinel-2 lè tó gígábáìtì kan, nítorí náà ẹ má ṣe máa wà á sórí láptọ́ọ̀pù. Earth Engine ń ṣe ìṣirò lórí kọ̀ǹpútà Google, èsì kékeré nìkan ló ń bọ̀ wálé. Ẹ forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ fún ìlò tí kì í ṣe ti òwò, ọ̀fẹ́ ni.

Ní ti iná: ìṣirò tó bá ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, ẹ jẹ́ kí kóòdù máa fi èsì pamọ́ ní ìpele-ìpele pẹ̀lú saveRDS, àṣẹ ìpamọ́ ti R, kí NEPA má bàa dá yín padà síbẹ̀rẹ̀. Kóòdù fúnra rẹ̀, ẹ máa tì í sórí GitHub, ibi ìpamọ́ kóòdù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo ọjọ́ tí ẹ bá fọwọ́ kàn án. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó bá ṣí i lẹ́yìn oṣù mẹ́rin máa rí i pé díẹ̀díẹ̀ ni ẹ ṣe é, pé ẹ ò kó o wá láti ibòmíràn lálẹ́ ọjọ́ kan.

Iṣẹ́ àfihàn: ìbú àti gíga igi

Ẹ jẹ́ ká mú oko tíìkì tàbí mẹláínà ní Gáńbàrí. Ẹ̀ka ìmọ̀ igbó máa ń ní dátà ìwọ̀n igi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti kó jọ: nọ́ńbà pílọ́ọ̀tì, nọ́ńbà igi, ìbú igi ní mítà 1.3 láti ilẹ̀, gíga. Ẹ gba ìyọ̀ǹda lórí ìwé. Ìbéèrè yín kò ní ju ọ̀kan lọ: bí a bá mọ ìbú igi, báwo la ṣe lè sọ gíga rẹ̀, kí a sì sọ bí àṣìṣe wa ṣe lè pọ̀ tó?

Ẹ ṣí fódà kan, kí fódà mẹ́ta wà nínú rẹ̀: ọ̀kan fún dátà tútù tí ẹ kò ní fọwọ́ kàn láé, ọ̀kan fún kóòdù, ọ̀kan fún èsì. Ẹ fi fáìlì README kún un, kó sọ ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́, ibi tí dátà ti wá, àti kóòdù tí ènìyàn máa kọ́kọ́ tẹ̀. Ẹ má ṣe kọ àdírẹ́sì fáìlì bíi C:/Users/Tunde/Desktop sínú kóòdù. Lórí kọ̀ǹpútà ẹni tó ń yẹ̀ yín wò, kò sí Tunde níbẹ̀, ìlà kìíní ni kóòdù náà máa kú sí. Ẹ ṣe RStudio Project, kí gbogbo àdírẹ́sì bẹ̀rẹ̀ láti inú fódà iṣẹ́. Ibi tí yíyàn lójijì bá wà nínú kóòdù, ẹ fi àṣẹ set.seed ṣáájú rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ èsì á máa yàtọ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Bí orúkọ ibì kan bá ní àmì, bíi Ìdí-Ayùnrẹ́, ẹ fi fáìlì dátà CSV pamọ́ ní UTF-8, ọ̀nà ìkọ̀wé kọ̀ǹpútà tó mọ àmì. Ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ máa rí jágajàga níbi orúkọ ìlú, R á sì ka abúlé kan sí méjì nítorí àmì tó bọ́ sọnù.

Kí ẹ tó ṣe ìṣirò kankan, ẹ ya àwòrán: ìbú nísàlẹ̀, gíga lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ibẹ̀ ni àṣìṣe oko ti ń jáde. Ká ní igi kan ga ní mítà 18, ìbú rẹ̀ wà ní sẹ̀ǹtímítà 94, nígbà tí àwọn tó yí i ká wà láàárín 25 sí 35. Kì í ṣe igi ńlá. Ẹni tó wọ̀n ọ́n ló fi téèpù lásán yí igi ká, tó kọ ìwọ̀n àyíká síbi tó yẹ kó kọ ìbú. 94 pín sí 3.1416 jẹ́ 30, òun ni ìbú gan-an. Bí ẹ ò bá rí i, wàhálà rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Basal area igi kan (ìwọ̀n ojú ibi tí a bá gé igi ní mítà 1.3) ni π × D² ÷ 40,000, bí D, ìbú igi, bá jẹ́ ní sẹ̀ǹtímítà, èsì á sì jẹ́ mítà onígun mẹ́rin. Igi oní-30 máa fún yín ní 0.071. Oní-94 máa fún yín ní 0.694. Igi kan ti di bíi mẹ́wàá. Bí pílọ́ọ̀tì bá jẹ́ mítà 25 lọ́nà 25, ẹ máa sọ gbogbo rẹ̀ di ìlọ́po 16 kó lè di ti hẹ́kítà, àṣìṣe náà á sì bá a lọ. Ẹ má ṣe pa igi bẹ́ẹ̀ rẹ́ ní ìdákẹ́jẹ́. Ẹ kọ ìlà kóòdù kan tó tún un ṣe, kí ẹ sì kọ ìdí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìlà yẹn nìkan lè sọ fún ọ̀jọ̀gbọ́n pé ẹ mọ oko.

Fún ìṣirò, ẹ lè lo Chapman-Richards: H = 1.3 + a(1 − e^(−bD))^c. H ni gíga igi, D ni ìbú rẹ̀; a, b àti c ni iye tí R máa wá. Gíga tí igi lè dé tó bá dàgbà tán wà lára a. Bí ẹ bá fi nls, àṣẹ R fún irú ìṣirò yìí, ṣe é, ó ṣeé ṣe kí R ké “singular gradient” kó sì dúró. Ìdí méjì ló sábà máa ń fà á. Ọ̀kan ni pé iye tí ẹ ní kó bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ jìnnà sí òótọ́: ẹ mú a kó ga díẹ̀ ju igi tó ga jù nínú dátà lọ, b kó wà ní bíi 0.05, c kó jẹ́ 1, kí ẹ tún gbìyànjú. Èkejì le ju ìyẹn lọ. Bí gbogbo igi yín bá ṣì kéré, tí ìlà gíga kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ wálẹ̀, dátà kò ní ohun tó lè fi sọ ibi tí igi máa dúró sí. Iye ìbẹ̀rẹ̀ kankan kò lè wo ìyẹn sàn. Ẹ lo ìlà tó rọrùn jù, bíi ti Näslund, H = 1.3 + D²/(a + bD)², tó ní iye méjì péré láti wá. Páákéèjì lmfor ní òun àti ọ̀pọ̀ mìíràn.

Igi tó wà nínú pílọ́ọ̀tì kan náà jọra ju ti pílọ́ọ̀tì mìíràn lọ: ilẹ̀ kan náà, ọdún ìgbìn kan náà. Nítorí náà ẹ gbé e lọ sí nlme, kí pílọ́ọ̀tì jẹ́ random effect, ìyẹn ni pé ìṣirò máa gbà pé pílọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan ní ìyàtọ̀ tirẹ̀. Nígbà tí ẹ bá sì fẹ́ dán ìṣirò yín wò, ẹ yọ odindi pílọ́ọ̀tì sílẹ̀, kì í ṣe igi káàkiri. Ẹni tó yọ igi káàkiri ń fi aládùúgbò dán aládùúgbò wò, àṣìṣe rẹ̀ á kéré lórí ìwé, á sì pọ̀ nígbà tó bá dé oko mìíràn. Ẹ kọ RMSE (bí àṣìṣe ṣe máa ń tó) ní mítà, kí ẹ fi àwòrán méjì parí rẹ̀.

Bó bá jẹ́ sátẹ́láìtì ni ẹ fẹ́

Kókó kan náà ni, àmọ́ ọ̀fìn ibẹ̀ yàtọ̀. NDVI, ìwọ̀n bí ilẹ̀ ṣe ní ewé tútù tó, láti Sentinel-2 ni (B8 − B4) ÷ (B8 + B4), ní mítà 10; B4 ni ìmọ́lẹ̀ pupa, B8 ni èyí tó kọjá pupa tí ojú kò rí. Láti 25 oṣù kìíní 2022, wọ́n yí bí wọ́n ṣe ń ṣe àwòrán náà padà, 1000 sì kún iye inú rẹ̀. Ẹni tó bá pa ti 2020 àti ti 2023 pọ̀ láìtún un ṣe máa rí i pé NDVI jábọ́, á sì kọ̀wé pé igbó ń tán. Ní Earth Engine, ẹ lo àkójọ tí orúkọ rẹ̀ parí sí HARMONIZED, ó ti bá yín tún un ṣe.

Ìwọ́wé tíìkì tí a mẹ́nu bà lókè jẹ́ ọ̀fìn kejì. Ẹ fi oṣù kan náà wé oṣù kan náà láti ọdún dé ọdún. Oṣù kìíní pẹ̀lú oṣù kẹwàá kò ṣeé fi wéra. Ìkùukùu sì máa ń bo ọ̀run Ìbàdàn nígbà òjò, tó fi jẹ́ pé àwòrán tó mọ́ ní oṣù keje ṣọ̀wọ́n. Sentinel-1 tó ń lo rádà kì í bẹ̀rù ìkùukùu, ẹ̀kọ́ rẹ̀ kàn le díẹ̀ ni.

Àwòrán ilẹ̀ àtijọ́ tí ẹ bá gbà láti ilé iṣẹ́ ìjọba sábà máa ń wà lórí Minna datum, ìlànà tí wọ́n fi ń wọn ilẹ̀ Nàìjíríà kó tó di ti GPS. Ìbàdàn wà ní UTM zone 31N: EPSG:32631 ni nọ́ńbà ìlànà ti WGS84 tí GPS ń lò, EPSG:26331 ni ti Minna. Bí ẹ bá fi ọ̀kan pe èkejì, ààlà igbó ọba máa sún kúrò láàyè rẹ̀ ní ohun tó lè ju 100 mítà lọ, oko kòkó ẹlòmíràn á sì wọ inú igbó yín. Ẹ lo st_transform, àṣẹ inú sf; ẹ má ṣe kàn yí orúkọ CRS (ìlànà tí àwòrán ilẹ̀ wà lórí rẹ̀) padà.

Bí ẹ bá sì kọ̀wé pé ìṣirò yín tọ̀nà dé 97%, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n máa bi yín ni bí ẹ ṣe pín ojú ibi tí ẹ fi kọ́ ọ àti ibi tí ẹ fi dán an wò. Tó bá jẹ́ pé ẹ kàn dà wọ́n pọ̀ ni, nọ́ńbà yẹn kò tó nǹkan. Páákéèjì blockCV wà fún pípín wọn ní búlọ́ọ̀kù orí ilẹ̀.

Ẹni tó ń ṣe ìbísí irúgbìn kò ní láti wá dátà jìnnà: Cassavabase ní ọ̀pọ̀ ìgbìnwò ẹ̀gẹ́ tó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Ẹ mú ìgbìnwò kan tó wáyé ní ibi mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ fi lme4 wá BLUP irúgbìn kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sọ èyí tó dúró déédéé.

Dátà tí kì í ṣe tiyín, ẹ má gbé e sórí GitHub. Kóòdù ni kí ẹ gbé síbẹ̀, pẹ̀lú dátà àfarawé kékeré kan tí kóòdù lè fi ṣiṣẹ́. Nọ́ńbà fóònù àgbẹ̀ àti GPS oko rẹ̀, ẹ yọ wọ́n kúrò pátápátá. Ẹni tó bá rí wọn níbẹ̀ máa mọ̀ pé ẹ lè ba iṣẹ́ òun náà jẹ́.

Ìwé

Ẹ bẹ̀rẹ̀ transcript kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ohun mìíràn, torí òun ló máa ń pẹ́ jù. Bí èsì yín bá wà lórí ìwọ̀n 7, bí ó ti wà fún ọ̀pọ̀ tó gboyè ní UI tẹ́lẹ̀, ẹ kọ ọ́ kedere sínú CV: “5.4 nínú 7.0”. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní Uppsala, Sweden, kò lè mọ̀ ọ́n fúnra rẹ̀, ó sì lè rò pé ẹ ṣi nọ́ńbà kọ. Fún Jámánì, ẹ wo anabin, ojú òpó tí wọ́n fi ń yẹ ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ òkèèrè wò, bóyá yunifásítì yín ní H+, ìyẹn ni pé wọ́n mọ̀ ọ́n. Èsì IELTS àti TOEFL ń lo ọdún 2 péré, nítorí náà ẹ má ṣe é kí ẹ tó mọ ẹni tó ń béèrè rẹ̀; àwọn kan máa ń gba lẹ́tà pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ yín. Nínú àwọn tó máa jẹ́rìí fún yín, ó kéré tán kí ẹnì kan lè sọ pé òun rí yín tí ẹ ń kọ kóòdù.

Lẹ́tà sí ọ̀jọ̀gbọ́n kò gbọ́dọ̀ ju ọ̀rọ̀ 200 lọ. Àwa máa ń kí ènìyàn pẹ́. Ọ̀dọ̀ wọn, ìkíni gígùn máa ń jọ lẹ́tà tí ènìyàn fi ránṣẹ́ sí ọgọ́rùn-ún ibi. Gbólóhùn kìíní: ẹni tí ẹ jẹ́ àti ipò tí ẹ ń kọ̀wé nípa rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ohun kan pàtó nínú iṣẹ́ rẹ̀ tó bá tiyín mu. Lẹ́yìn náà, ìjápọ̀ GitHub pẹ̀lú gbólóhùn kan tó sọ ohun tó wà níbẹ̀. Ẹ wá bi í ní ìbéèrè kan tó lè dáhùn ní ìlà kan. Bí kò bá dáhùn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ rán an létí lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì kọjá lọ.

Ẹni tó bá ní kí ẹ san owó kí òun tó fún yín ní ipò PhD oníṣẹ́ ní Yúróòpù, gbájú-ẹ̀ ni. Owó fọ́ọ̀mù Amẹ́ríkà yàtọ̀, ọ̀pọ̀ yunifásítì ń gbà á ní tòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ lè bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n yọ ọ́ fún yín.

Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò

Ẹ máa sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ yín fún bíi ìṣẹ́jú 10, wọ́n á sì bi yín ní ìbéèrè. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ní kí ẹ ṣí kóòdù, kí ẹ ṣàlàyé ìlà kan tí wọ́n yàn fúnra wọn. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ AI ló kọ ọ́ tí kò sì yé yín, ibẹ̀ ni àṣírí ti máa tú. Wọ́n tún lè fún yín ní dátà kékeré kan láti tú nílé. Nínú rẹ̀, wọ́n sábà máa ń fi àṣìṣe pamọ́: ọjọ́ tí a kọ ní ọ̀nà méjì, pílọ́ọ̀tì tí orúkọ rẹ̀ yí padà láàárín fáìlì, −9999 tó dúró fún òfo.

Ẹ ṣọ́ra fún aago. Nígbà òtútù, aago Jámánì àti tiwa dọ́gba. Láti ìparí oṣù kẹta dé ìparí oṣù kẹwàá, wọ́n fi wákàtí kan ṣáájú wa. Ẹ ní láìnì méjì lórí fóònù méjì, kí láptọ́ọ̀pù ti gba iná kún, kí àwòrán yín sì ti wà lọ́dọ̀ wọn nínú ímeèlì, kí wọ́n lè máa bá a lọ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já.

Bí wọ́n bá gbà yín, ẹ béèrè nǹkan mẹ́ta kí ẹ tó fọwọ́ síwèé: ọdún mélòó ni owó wà fún nínú kọ́ńtíráàtì, bí owó bá jẹ́ ti ọdún 3 tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ sì sábà máa ń lo 4, ta ni ó ń san ti ọdún kẹrin, àti bóyá dátà tí ẹ máa lò ti wà lọ́wọ́ wọn lónìí, tàbí ìlérí ni. Ẹ kọ ìbéèrè ìkẹyìn yẹn sí akẹ́kọ̀ọ́ PhD kan tó wà lábẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n náà pẹ̀lú, kí ẹ fi ìdáhùn méjèèjì wéra.